Lẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Adébíyìí

Dùnsìn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ká tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó máa yínmú sí i. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí àgbà bá ń bá a wí, kì í wo àgbà lójú. Bí àgbà bá ní ẹfun dúdú, yóò ní lóòótọ́, ó dúdú díẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí ń gbàdúrà fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè bà jẹ́, kó fara balẹ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ rìwáyà ló ń ṣe ní Fájuyì, ní àárín ìlú Adó. Bí iná ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà bá kú, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ìkìrun ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìgèdè-Èkìtì ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Adébíyìí, alàgbà ìjọ, tó mú un sílé bí ọmọ fún ọdún márùn-ún. Iyán ilé yẹn ló sọ ọ́ di géńdé.

Ọ̀gá Adébíyìí kò gbà pé wáyà méjì ti di ọ̀kan àfi bí iná bá so wọ́n pọ̀. Wọn á lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ra, wọn á gbé irin gbígbóná lé e, wọn á fi lẹ́ẹ̀dì, òjé tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, kàn án. Lẹ́ẹ̀dì á yọ́, á wọnú wáyà lọ, á dì. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá á fi wáyà yẹn kọ́ ìṣó lára òpó, á so bátìrì alùpùpù rọ̀ sí ìdí rẹ̀, á wá ṣí Bíbélì. Bí bátìrì kò bá já bọ́ títí Ọ̀gá fi ka Sáàmù kan tán, iṣẹ́ ti yege. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ràn, Sáàmù kúkúrú ni yóò kà fún un. Èyí tó bá ti ṣẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọn yóò bá a dé. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù Dùnsìn, Sáàmù kẹtàdínlọ́gọ́fà ló kà, ẹsẹ méjì péré, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín nítorí wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ọ̀nà náà dára, àfi ohun kan. Alùpùpù kì í fa wáyà bí bátìrì ṣe ń fà á. Gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀dì tó wọnú wáyà máa ń mú kó le gbagidi, ibi tí líle yẹn bá ti parí, tí wáyà rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan ni yóò já. Lẹ́ẹ̀dì kò ní já o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò já.

Ọdún kejì tí Dùnsìn dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ló rí èyí. Ọlọ́kadà kan gbé wáyà kan náà padà wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Nígbà kẹta, Dùnsìn fi abẹ ya téèpù kúrò, ó wò ó dáadáa. Lẹ́ẹ̀dì ń dán bí ọjọ́ tí ó jó o, wáyà sì ti já létí rẹ̀ gééré. Ó jókòó sórí táyà, ó ronú. Láìpẹ́, ó ra púláyà ìtẹ̀ kan àti ike lọ́ọ̀gù kan. Lọ́ọ̀gù yìí, irin kékeré oníhò ni: wọn á ti ẹnu wáyà kan bọ̀ ọ́ lọ́tùn-ún, wọn á ti èkejì bọ̀ ọ́ lósì, wọn á fi púláyà tẹ irin náà mọ́ wáyà pinpin. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí lẹ́ẹ̀dì. Bí lọ́ọ̀gù bá ti bá ìwọ̀n wáyà mu, tí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ sì mọ̀ ọ́n tẹ̀, wáyà yẹn á máa jó bí alùpùpù bá ń jó, kò ní já.

Àwọn ọlọ́kadà kì í pẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ dára sí. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ìgèdè fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ọ̀gá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí wọ́n ń wá bá Dùnsìn ní Adó. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o." Bàbá kò sì gbọ́. Ta ni ì bá sọ ọ́? Ta ni yóò dúró níwájú alàgbà, kó ní iṣẹ́ tí ẹ fi ogójì ọdún ṣe kò bá alùpùpù lára mu? Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tó mẹ́nu jù náà ní ọ̀ràn tirẹ̀, àwọn tó pa òwe yẹn kò débẹ̀ ni.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá sí Fájuyì lọ́jọ́ kan, ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Dùnsìn fi ẹsẹ̀ ti púláyà ìtẹ̀ sábẹ́ àkísà.

"Ọmọ mi," Ọ̀gá wí, "kí ni mo ṣe fún Ùgèdè? Uṣẹ́ ò wá mọ́. Máṣíìnì kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn dé ètè Dùnsìn. Ó rí ojú ọkùnrin tó fi Sáàmù ẹlẹ́sẹ méjì dá a sílẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ọ̀gá, ọjà ló tutù," ó ní. "Gbogbo wa ló kàn."

Ọ̀gá mi orí. Ó padà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìparí ìsinmi oṣù kẹjọ tó kọjá yìí ni Olúfúnkẹ́, ọmọ Ọ̀gá, pe Dùnsìn lórí fóònù. Ọ̀gá ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Olúfúnkẹ́ tí í ṣe tíṣà ló ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilé ìwé ní ọ̀nà Àwọ̀.

"Bùọ̀dá Dùnsìn, bàbá mi ní kí ẹ wá," ó ní. "Máṣíìnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí a tó gba ìsinmi, lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ti kọ́rọ́. Ọkọ̀ agbépákó wà lẹ́yìn mi. Díẹ̀ báyìí ló kù. Bàbá ní ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi ẹ̀yin."

Nígbà tí Dùnsìn dé Ìgèdè lọ́jọ́ kejì, ó bá Ọ̀gá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti gbẹ, aṣọ ń fẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ti gbé alùpùpù síwájú rẹ̀. Wọ́n ti fọn iná èédú, irin ìjólẹ́ẹ̀dì àtijọ́ sì ti wà nínú rẹ̀, ó ń pọ́n.

Dùnsìn tú iwájú alùpùpù. Wáyà tó ti ojú kọ́kọ́rọ́ wá ló já, ní ibi tí ó ti ń tẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá yí ọwọ́ alùpùpù. Téèpù tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀gá, ó mọ bó ṣe máa ń wé e. Ó ya á. Lẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ó ń dán. Wáyà ti já létí rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" Ọ̀gá bi í.

Ẹ̀rọ̀ ni ìbéèrè náà, ojú rẹ̀ sì wà lára Dùnsìn. Púláyà ìtẹ̀ wà nínú báàgì, ìka mẹ́ta péré sí ọwọ́ rẹ̀.

"Eku ló jẹ ẹ́, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀!" Ọ̀gá fi ọwọ́ òsì lu itan. "Fúnkẹ́, mo sọ fún ẹ! Lẹ́ẹ̀dì mi kì í já. Eku ni." Ara rẹ̀ yá. Ó ní, "Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo kọ́, Dùnsìn. Wọ́n ní gbogbo wọn ti ń fi púláyà tẹ wáyà bí ẹni ń pa iná orí. Ùwọ nìkan ló kù. Àbí ùwọ náà ti lọ?"

"Mo wà níbí, Ọ̀gá."

Ọ̀gá wá sọ̀rọ̀ kan tí Dùnsìn kò retí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Uṣẹ́ mi kò kú lásán o. Ọlágúnjú ni."

Ọlágúnjú ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Ìgboro Ìgèdè kan náà ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣe awuyewuye díẹ̀ lórí ààlà oko kòkó bàbá wọn, irú èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa ń ṣe tí wọ́n á sì padà jọ jẹun. Oṣù yẹn gan-an ni iṣẹ́ dá lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó bi àwọn èèyàn bóyá ọjà ló tutù, wọ́n ní ọjà kọ́. Ó bi Dùnsìn, Dùnsìn ní ọjà ni. Ó gbààwẹ̀, kò rí ìdí. Ẹni tí a kò fún ní òótọ́ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ wá nǹkan kan tí yóò gbà gbọ́. Ọ̀gá gbà pé àbúrò òun ló fi ọwọ́ ayé ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ òun, láti ọjọ́ náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà tí àrùn yìí dé, Ọlágúnjú wá kí i. Ọ̀gá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́," Ọ̀gá wí.

Dùnsìn mọ̀ nísinsìnyí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti wáyà mọ́. Ó ya ẹnu. Bó bá sọ ọ́ báyìí, yóò ní láti sọ ti eku, yóò sọ ti ọjà tó tutù, yóò sọ ti púláyà abẹ́ àkísà, gbogbo rẹ̀ lójú ọkùnrin tí ó ń gbọ̀n lórí àga, tí ó ní Dùnsìn nìkan ló kù. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò sọ ọ́ bí ara Bàbá bá le díẹ̀. Ó ní òun yóò jó lẹ́ẹ̀dì náà báyìí kí inú rẹ̀ dùn, òun yóò padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun yóò gé e, òun yóò fi lọ́ọ̀gù tẹ̀ ẹ́ kí ilé ìwé tó wọlé lọ́jọ́ Ajé, òun yóò sì sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí ètò náà ṣe gún régé.

Wọ́n jọ ṣe é ni. Dùnsìn di irin gbígbóná mú, Ọ̀gá fi ọwọ́ òsì tó kù fún un na lẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ náà gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó bá ibi tó yẹ. Èéfín ta sí wọn lójú. Nígbà tó dì tán, Ọ̀gá ní kí wọ́n so bátìrì rọ̀. Kí wọ́n má baà tú wáyà kúrò lára alùpùpù, Dùnsìn jó òmíràn tó jọ ọ́, ó fi kọ́ ìṣó, ó so bátìrì mọ́ ọn. Kò já. Ọ̀gá ka Sáàmù láìwo ìwé, ohùn rẹ̀ ń fọ́, ó ń gbàgbé ẹsẹ, Olúfúnkẹ́ sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Olúfúnkẹ́ sin Dùnsìn dé títì, ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí òun ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá òun kẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Ọ̀gá Adébíyìí kú.

Dùnsìn dé Ìgèdè lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣètò. Wọ́n ti gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì. Àwọn èèyàn ìjọ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ó kí gbogbo wọn, ó sunkún pẹ̀lú wọn, ẹkún gidi ni, kò sì lè jókòó. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí wọ́n gbé alùpùpù sí. Ó tú iwájú rẹ̀, ó mú irin ìgéwáyà, ó gé wáyà ní ọ̀tún àti ní òsì lẹ́ẹ̀dì náà. Lẹ́ẹ̀dì náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò ju ìka ọmọdé lọ.

"Kí lẹ gé yẹn?"

Olúfúnkẹ́ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ojú rẹ̀ wú.

"Mo fẹ́ tún un ṣe ni, Fúnkẹ́."

"Ẹ ti tún un ṣe. Ọwọ́ bàbá mi wà lára rẹ̀." Ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi." Ó gba lẹ́ẹ̀dì náà, ó wò ó. "Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn láyé, ẹ gé e. Kí ló dé?"

Irọ́ tí ìbá tún sọ ti tán. "Nítorí yóò já," Dùnsìn wí. "Yóò já mọ́ ọ lọ́wọ́ lórí òkè yẹn. Lẹ́ẹ̀dì kò bá alùpùpù mu. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Mo ti ra oògùn eku," Olúfúnkẹ́ wí, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. "Mo ti fi sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé."

"Kò sí eku."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti àwọn ará Ìgèdè tó ń wá sí Fájuyì, ó sọ ìdí tí wọ́n fi ń wá, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó fi dá Ọ̀gá lóhùn lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Olúfúnkẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ga.

"Ogójì ọjọ́ ni bàbá mi fi gbààwẹ̀ lọ́dún yẹn. Èmi ni mo ń po ọ̀gì tí wọ́n fi ń ṣínu. Ẹ wá sílé wa nínú ogójì ọjọ́ yẹn, Bùọ̀dá Dùnsìn. Ẹ mu nínú ọ̀gì yẹn."

"Mo rò pé ààwẹ̀ ìjọ ni."

"Ẹ ò bi wọ́n."

"Ẹ̀rù bà mí kí n má bà wọ́n nínú jẹ́. Wọn ì bá bínú."

"Wọn ì bá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan!" Ìgbà yẹn ni omi dà lójú rẹ̀. "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọn ì bá wá bá yín pé kí ẹ kọ́ àwọn. Bàbá mi tó jẹ́ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù kọ̀wé? Ta lẹ rò pé wọ́n jẹ́? Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn títí ẹ fi sọ wọ́n di òmùgọ̀ láàárín ìlú."

Ohun tó dun Dùnsìn jù ni pé òótọ́ ni: ó ti bẹ̀rù Ọ̀gá fún ọdún mẹ́fà, kò sì gbẹ́kẹ̀ lé e fún ọjọ́ kan.

Olúfúnkẹ́ di lẹ́ẹ̀dì náà sínú ìdí ìró rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Bó ṣe yẹ kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́."

Dùnsìn gé wáyà kékeré kan láti fi dí àlàfo tí ó gé, ó ti ẹnu wáyà bọ lọ́ọ̀gù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó wé e ní téèpù. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Olúfúnkẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, alùpùpù dún.

"Ẹ gun ẹ̀yìn."

"Níbo là ń lọ?"

"Ilé bàbá mi kékeré. Ẹnu yín ni yóò sọ ohun tó pa iṣẹ́ bàbá mi fún wọn."

Ọ̀nà ilé Bàbá Ọlágúnjú kò dára, òjò ti fọ́ ọ. Alùpùpù ń fò láti kòtò dé kòtò, kò kọsẹ̀, kò kú. Wọ́n bá bàbá arúgbó náà lórí ìjókòó nínú pálọ̀, òun nìkan. Aṣọ dúdú kan tí wọ́n ti lọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì wọ̀ ọ́. Kò mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ́ kí òun wọlé síbi ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Dùnsìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, láti ilẹ̀ náà ló sì ti sọ ọ́, nítorí kò lè sọ ọ́ ní ìdúró. Bàbá Ọlágúnjú tẹ́tí. Lẹ́ẹ̀kan ló dá sí i.

"Wáyà?" ó bi í.

"Wáyà ni, Bàbá."

"Wáyà máṣíìnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá Ọlágúnjú wo Olúfúnkẹ́, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olúfúnkẹ́ tẹ orí ba.

"Ó sì mọ̀ kó tó lọ? Ẹ sọ fún un?"

"A ò sọ fún wọn, Bàbá," Dùnsìn wí. "N ò sọ fún wọn."

Bàbá arúgbó náà ká aṣọ dúdú náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tú u.

"Ó ti débẹ̀ báyìí," ó ní. "Ó ti bá ìyá wa níbẹ̀. Ó ti sọ fún un pé èmi ni."

Dùnsìn wà lórí ilẹ̀, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tútù, ó ń retí kí àgbà náà ní kó dìde. Bàbá Ọlágúnjú kò ní kó dìde.